Ìgbín Kan Nínú Òkun Tí A Pàálè Lé

Bí wọ́n bá ní kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù lọ ní abúlé Yenmaru bọ́ síta, Màmá Yakomina ni ì bá kọ́kọ́ bọ́ síta, á sì tún máa bi àwọn tó kù léèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń fi falẹ̀. Obìnrin gbàǹgbà ni. Èso pinang tó ń jẹ tàárọ̀-tàlẹ́ ti kun eyín rẹ̀ ní pupa, ohùn rẹ̀ sì máa ń ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé etí apẹja tó wà lójú agbami. Òun ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ obìnrin ló sì ni àálè òkun.

Sasi ni wọ́n ń pe àálè yìí níbẹ̀. Wọn kì í fi àkísà tàbí ṣùkù àgbàdo pa á. Pásítọ̀ Habel á gbàdúrà sórí omi, wọ́n á ri òpó méjì mọ́ etíkun, láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbín òkun àti edé ńlá tó wà láàárín òpó méjèèjì ti di ti Ọlọ́run, ó di ọjọ́ tí àwọn obìnrin bá ṣí i kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀kan. Ẹni tó bá jalè níbẹ̀, òkun fúnra rẹ̀ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Bí òkun bá wá ń fi falẹ̀, Màmá Yakomina á bá a dá a.

Ẹ bi Sadrak léèrè. Sadrak, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, mú ìgbín kan ṣoṣo níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Màmá Yakomina mú un dúró níwájú ìjọ, ó fi okùn gbé ìgbín náà kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní kí ó bẹ ìgbín, kí ó sọ fún un pé ọ̀fun ló rán òun níṣẹ́. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Pásítọ̀ pàápàá fi Bíbélì bojú. Sadrak nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ọ̀nà bó bá ń mu kọfí.

Ọ̀rọ̀ Selfina ló wá dé. Ọmọ àbúrò Màmá Yakomina tó ti dolóògbé ni, Màmá Yakomina ló sì tọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń rá. Ọmọbìnrin náà lọ sí ìlú Sorong, ó kọ́ṣẹ́ mímú èèyàn wọ abẹ́ òkun pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú ìgò irin, ó padà wálé, ó sì kọ́ ilé àlejò oníyàrá méjì sórí omi. Àwọn tí kò tíì ki orí bọ omi rí ni àlejò rẹ̀. Á kọ́ wọn níbi tí omi ti mu wọ́n dé ìbàdí, á wá rọra mú wọn lọ síbi tó jìn díẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìjì ti fọ́ àwọn iyùn tó hù bí igbó lábẹ́ omi níwájú ilé rẹ̀ túútúú. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ òfúrufú wá láti wo òkúta? Àwọn àlejò ti ń yà sí erékùṣù mìíràn. Ibi tí àálè wà gan-an ló dára fún akẹ́kọ̀ọ́: omi rẹ̀ kò jìn, ìgbì kì í jà níbẹ̀, ẹran omi tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ń fi ọdún gbọọrọ wá kiri, níṣe ló ń sùn síbẹ̀. Selfina wá bẹ ẹgbẹ́ obìnrin pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àlejò òun máa wò ó. Wíwò lásán, wọn kò ní mú nǹkan kan. Bí wọ́n bá kọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn pa, yóò padà sí Sorong lọ ta fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù.

Màmá Yakomina kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ àlejò. Ó ní ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, ọwọ́ ńkọ́? Ó wá pàṣẹ pé òun alára yóò bá wọn wọ abẹ́ omi lọ ṣọ́ ọwọ́ wọn, ohun tí òun bá rí ni òun yóò sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò sì parí sí. Gbogbo abúlé ní àwọn fara mọ́ ọn. Ta ni ìyá rẹ̀ bí dáadáa tó máa ní òun kò fara mọ́ ọn?

Àlejò kan ṣoṣo ló wà nílé Selfina lọ́sẹ̀ náà. Wulan lorúkọ rẹ̀, dókítà eyín láti Surabaya, obìnrin tín-ín-rín kan báyìí. Lọ́jọ́ tó dé, nígbà tí omi kan orúnkún rẹ̀, ó di òpó àtẹ̀gùn mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sẹ́wọ̀n. Selfina kọ́ òun àti Màmá Yakomina pa pọ̀. Wulan ń tẹ́tí sílẹ̀, Màmá Yakomina ń bú ẹrù. Ó bú awò ojú pé ó ń fún òun nímú. Ó bú bàtà ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí òun jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, kò ní fún òun ní irú ìdí tí òun ní yìí.

"Màmá, nǹkan kan péré ni kí ẹ rántí," Selfina wí. "Ẹ má sé èémí. Bó ti wù kó rí, ẹ máa mí."

"Èémí sísé ni mo fi ń wá oúnjẹ lábẹ́ omi yìí kí ìyá rẹ tó mọ̀ pé òun á bí ọ."

"Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá sé afẹ́fẹ́ yìí mọ́nú, tó wá ń gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ́ bíi bàlúùnù."

Màmá Yakomina wò ó látòkè délẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Kò gbọ́. Bí orí wọn ṣe wọ abẹ́ omi tán, ara àgbà obìnrin náà ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré: ó fa èémí kan ràbàtà, ó pa á mọ́. Àyà rẹ̀ kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè bí agbè. Selfina gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Ó na ìka sí i láyà, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí ó mí. Ó mí. Kò pẹ́, ó tún sé e. Selfina tún gbá a mú. Ìbẹ̀rù tó wà lójú ọmọ náà lẹ́yìn awò kì í ṣe ti eré. Ọmọ tí Màmá Yakomina kọ́ ní ìrìn ló wá ń fà á lẹ́sẹ̀ kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, Wulan, ojo ayé, ń léfòó jẹ́jẹ́ lókè iyùn, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó wà lórí ìlà àtigba ara Olúwa. Kò fi ìka kan nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ojú ti kọ́kọ́ ti Màmá Yakomina. Àmọ́ abẹ́ omi dára fún onítìjú. Kò sẹ́ni tó máa rí i pé òógùn bò ọ́, kò sì sẹ́ni tó lè la ẹnu fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí mí bí èèyàn. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ là. Ó ti wọ ibí yìí ní àìmọye ìgbà láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n èémí kan péré ló máa ń mú wọ̀ ọ́: á wọlé, á já nǹkan gbà, á sáré jáde. Kò dúró wo nǹkan kan rí. Ẹja ekurá onírùngbọ̀n kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ iyùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, ara rẹ̀ rí bí ẹní tí wọ́n hun, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì lẹ́lẹ́ bíi ti bàbá arúgbó tó ń tòògbé. Èkejì, èyí tó ń fi lẹbẹ rìn lórí iyanrìn bí aláǹgbá, sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó ká lẹbẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ara bí ẹsẹ̀ ajá. Selfina na ìka sí ẹ̀ka iyùn pupa kan. Ẹṣin òkun kan, ẹja olórí ẹṣin tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ, wà lára rẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ róbótó, ó ń wo àwọn èèyàn bí onílé tó rí agbowó-orí. Ẹnu ya Wulan, ìfófòó rọ́ lọ sókè. Ẹnu ya Màmá Yakomina náà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń gba orí ẹran yìí kọjá, kò mọ̀ pé wọ́n jọ ń gbé àdúgbò.

Lẹ́yìn náà ló rí ìgbín náà. Ó tóbi, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìlà pupa wà lára ìkarahun rẹ̀. Ó ń rìn. Ìwo rẹ̀ yọ síta, ó ń fi ẹnu nu òkúta jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun tó ń nu ilé ìyá ọkọ. Màmá Yakomina tó ti fọ́ wọn jẹ tí kò lóǹkà kò rí èyí tó ń rìn fàlàlà báyìí rí; bí òjìji rẹ̀ bá ti kọjá lórí wọn ni wọ́n máa ń ká wọlé. Ó wò ó. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó tún wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ sì nà, ó já a kúrò lára òkúta, ó sọ ọ́ sápò ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tó fi pọn ìgò irin.

Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ló ṣe é. Orí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí orí fi máa dé, ọwọ́ ti di àpò pa.

Òtútù mú un nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Òun, olórí àálè, lójú àálè. Ó yíjú wo Selfina. Ẹ̀yìn Selfina ló rí. Ó yíjú wo Wulan. Wulan ń wò ó. Wulan tẹrí ba fún un bí akẹ́kọ̀ọ́ rere tó ti rí bí àgbà ṣe ń ṣe é, ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀ tó pa pọ̀, ó nà án sí òkúta kejì, ó sì mú ìgbín tirẹ̀.

Màmá Yakomina ki ọwọ́ bọ àpò láti dá ìgbín padà. Kí ọwọ́ tó jáde, Selfina ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú gírígírí nítorí ọ̀rọ̀ èémí yẹn, ó sì ń mú un gòkè díẹ̀díẹ̀, ojú sí ojú.

Sadrak ló wà nínú ọkọ̀, ó fà wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan. Wulan ṣí awò ojú rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgbín síwájú Màmá Yakomina bí ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn fún ọba. Okùn bọ́ lọ́wọ́ Sadrak. Selfina béèrè lọ́wọ́ àlejò náà ẹni tó ní kí ó mú un.

Ojú Wulan lọ sọ́dọ̀ Màmá Yakomina. Ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú náà sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ ọkọ̀. Nílé tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọmọ kì í na ìka sí àgbà. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, àṣìṣe òun ni, kí wọ́n jọ̀ọ́. Selfina gba ìgbín lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú omi jẹ́jẹ́. Sadrak ni kò yé wo Màmá Yakomina.

"Màmá Yako," ó wí, "ẹ̀yin lẹ mọ òfin."

Màmá Yakomina la ẹnu láti sọ ohun tó wà lápò rẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn, Ọlọ́run gbọ́. Ohun tó jáde ni, "Òfin ni òfin. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ àlejò kò ṣeé fọkàn tán."

Bí ó ṣe sọ ọ́ tán, ó jókòó. Ìgbín sì ń gún un níhà bí ẹlẹ́rìí tí wọn kò tíì pè.

Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá òun bọ́ ẹ̀wù afẹ́fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ, ó yọ́ ìgbín sínú àpò tí wọ́n fi okùn hun tó máa ń gbé kọ́rí, ó da aṣọ tútù bò ó. Nígbà tó délé, ó bu omi òkun sínú abọ́, ó fi ìgbín sí i, ó fi àwo dé e. Ó wá jókòó tì í, ó ń ro ọ̀nà. Kí ó dá a padà? Òun ló ṣòfin pé ẹni tí wọ́n bá rí ní òun nìkan láàárín òpó méjèèjì, olè ni, òun náà ló sì fi àwọn obìnrin ṣọ́ ibẹ̀ ní ìpín-ìpín, àwọn tí ojú wọn mú ló yàn. Kí ó sè é jẹ? Ó ṣí àwo wò ó, ó tún dé e. Gbogbo ọ̀nà àsálà abúlé náà, ọwọ́ òun ló dí wọn pa, ó sì dí wọn dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ya dé pẹ̀lú ọ̀dùnkún sísè àti pinang, wọ́n wá kí i kú iṣẹ́. Sadrak ti ròyìn. Wọ́n jókòó yí i ká lórí ẹní. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ojú rẹ̀ tó mú, àlejò ì bá ti kó òkun lọ. Ọ̀kan ní òun rí obìnrin oníṣẹ́ eyín náà, ó rí bí ẹni rere, ta ló mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Màmá Yakomina ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ẹ ò rí àánú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló rí ìgbín. Ó ti fi orí ti àwo, ó ti gun abọ́ jáde, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ pákó lẹ́yìn àwọn obìnrin náà, bí ẹni tó gbọ́ pé ìpàdé ń lọ. Màmá Yakomina na ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ nara, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ bò ó, ó tẹ́ aṣọ lé e. Ìgbín dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ó ti ń nu òkúta.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò lè dá a dúró. Àwọn obìnrin rò pé àwàdà ọwọ́ gígùn ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ni àwọn náà bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Bó ti ń rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀rín di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu, omijé ń dà. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní àwọn kò gbádùn báyìí láti Kérésìmesì.

Wulan wá dágbére kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ló máa wọ̀ padà. Ó gbé àkàrà òyìnbó onípele-ńpele tó kó wá láti Surabaya dání, ó gbé e sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá," ó wí. "Mo ti ba nǹkan jẹ́ fún Selfina. Ó ti ń di ẹrù."

Màmá Yakomina wo ojú rẹ̀ bóyá òun á rí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ì bá dùn mọ́ ọn. Bí ọmọbìnrin náà bá sọ òkò ọ̀rọ̀ kan, àní kékeré, òun ì bá rí ibi tí òun máa di mú, ìjà ì bá bẹ̀rẹ̀, ìjà sì ni iṣẹ́ òun. Kò rí nǹkan kan. Wulan na ọwọ́, ó gba ọwọ́ ọ̀tún àgbà náà, ó tẹrí ba, ó sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí rẹ̀, bí wọ́n ti ń kí ìyá níbi tó ti wá.

Ọwọ́ náà gan-an. Màmá Yakomina fẹ́ já a gbà, kò rí agbára. Ara rẹ̀ ń jó láti ọrùn ọwọ́ títí dé etí. Wulan dìde, ó lọ. Àkàrà wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, èèrà nìkan ló rí ẹnu fi jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ìgbín wà nínú báàgì Màmá Yakomina, ó fi aṣọ tútù wé e. Selfina jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ ìrìn-àjò lára. Pásítọ̀ ṣe ìwàásù, ó kéde pé olórí ẹgbẹ́ obìnrin fẹ́ sọ ohun tó rí lábẹ́ omi. Màmá Yakomina dìde, ó rìn lọ síwájú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò dé ìlà kejì; wọ́n ní kí ó gbé e sókè.

"Mo ní ohun tí mo rí ni mo máa sọ," ó wí. "Àlejò náà kó ọwọ́ rẹ̀ jọ, kò kan nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú ìgbín. Ó rí mi, ó rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, ó mú tirẹ̀. Èmi ni olè."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Òun ló máa ń ṣe Hẹ́rọ́dù fún wọn ní Kérésìmesì, ó sì máa ń ṣe é débi tí àwọn ìyá fi ń kó ọmọ wọn mọ́ra. Wọ́n rò pé òwe ni, wọ́n ń retí ibi tí ẹ̀kọ́ máa ti jáde. Nígbà tí ẹ̀kọ́ kò jáde, Naomi àgbà tó jókòó níwájú wá rí ìtumọ̀ fún un, ó ń fi aṣọ nujú. Ó ní ẹ wo ìyá, nítorí kí ọmọ má baà lọ, ó gba olè rù. Gbogbo wọn wá ń ṣe Àmín. Pásítọ̀ Habel sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ dá orin.

Màmá Yakomina ní kí wọ́n dákẹ́. Ó búra. Wọ́n tún yìn ín. Ó yọ ìgbín, ó gbé e ka orí tábìlì ọrẹ. Wọ́n ní ti àlejò nìyẹn. Sadrak dìde níbi tó wà, ó ní rárá o, ti àlejò padà sómi lójú òun, òun kò mọ ibi tí èyí ti wá. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ó lọ rà á lábúlé kejì ni kí ó lè fi gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó ṣe ń ba ara rẹ̀ jẹ́ tó ni wọ́n ń gbé e ga tó, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ta ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rà. Níkẹyìn ni Pásítọ̀ pe orúkọ Selfina, ó ní òun ló wà níbẹ̀, kí ó sọ òótọ́ fún ìjọ Ọlọ́run, ṣé ó rí nǹkan kan.

Selfina dìde. Ó wo ìgbín tó wà lórí tábìlì.

"Mo rí ọwọ́ Màmá nígbà tí wọ́n ń mú un," ó wí. "Mo wá kọ ẹ̀yìn."

"Kí ló dé tí o kò sọ?" Pásítọ̀ bi í.

"Màmá mi ni."

Naomi àgbà gbé aṣọ kúrò lójú. Màmá Yakomina ti ń jà láti àárọ̀ kí wọ́n gba òun gbọ́. Wọ́n ti gbà á gbọ́ wàyí, ó sì wù ú kí ó kó gbogbo rẹ̀ padà sẹ́nu. Ọmọ náà ti mọ̀. Láti inú omi ló ti mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí òun ń ṣe òfin ni òfin lórí ọkọ̀. Ó mọ̀ nígbà tó ń ká aṣọ sínú àpótí. Ó gbà láti lọ ta fóònù ní Sorong kí ojú má baà ti òun níwájú àwọn èèyàn yìí. Ìtìjú olè, Màmá Yakomina ti múra fún un. Èyí, kò múra fún un.

Ó dúró, ó ń retí pé wọ́n máa mú okùn wá. Kò sẹ́ni tó mú okùn wá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin fi orí korí níbẹ̀. Wọ́n ní kí Màmá Yakomina fi ipò sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí òkun, kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n ní kí Selfina máa mú àlejò lọ wò ó, kí olúkúlùkù pa ọwọ́ mọ́ àyà bí dókítà eyín náà ti ṣe kí wọ́n tó bà á jẹ́. Naomi àgbà fi ìborùn di ìgbín, ó ní òun máa dá a padà. Nígbà tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Màmá Yakomina kọjá, kò wo ojú rẹ̀.

Bí ìsìn bá parí ní Yenmaru, àwọn àgbà ìjọ máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo èèyàn á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ jẹun. Ẹsẹ̀ Màmá Yakomina gbé e débẹ̀ kí ó tó rántí pé kò yẹ kí òun wà níbẹ̀. Èèyàn sì ti ń bọ̀, kò sí ọ̀nà àtipadà. Ó na ọwọ́. Àwọn kan fi orí ìka kan án bí ẹni tó ń wò ó bóyá irin gbóná. Ọ̀kan kí Pásítọ̀, ó rántí pé òun gbé iná sílẹ̀ nílé, ó sáré. Púpọ̀ wọn bọ̀ ọ́, wọ́n ń wo ibòmíràn, wọ́n ń sọ pé òjò máa rọ̀. Òun náà ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òjò máa rọ̀. Ojú ọ̀run sì mọ́ kedere.

Selfina ló jáde kẹ́yìn. Ó bọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ó ti máa ń bọ̀ ọ́.

"Àlejò mẹ́ta ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó wí. "Ẹ bá mi jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ máa bá mi wo ẹrù. Ẹ ò ní wọ omi o."

Màmá Yakomina wá ọ̀rọ̀ tó máa fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ pọ̀, ó sún mọ́tòsí, ó sì ti ń gun ẹnu rẹ̀ bọ̀. Ó gbé e mì.

"Mo gbọ́," ó wí, ó sì ń wo ilẹ̀.